Kí Ọlọ́kọ̀ Tó Dé Kóòtù: Owó Ẹrù Tí Ìjọba Gé àti Ìwé Tó Lè Dá A Padà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, agbaṣẹ́ṣe àti oníṣòwò ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kò ní orúkọ ńlá. Owó ọkọ̀ tí ìjọba gé ni, àti ọ̀nà tó yẹ kí ẹni tí wọ́n gé owó rẹ̀ tọ̀ kí ó tó dé iwájú adájọ́.

Inú ọgbà sítọ́ọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́ọ́rì kan kó àpò ajílẹ̀ 600 láti Ṣàgámù, ó gba Òrè wọ Òkìtìpupa. Òjò lù ú lọ́nà. Wọ́n tú tàpólì, àwọn alábàárù ń sọ àpò kalẹ̀, akọ̀wé sítọ́ọ̀ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa igi mẹ́rin-mẹ́rin sórí bébà, ó ń fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ wébíìlì: àpò 12, omi ti wọ̀ ọ́. Ó na bírò sí awakọ̀. Ebi ń pa awakọ̀, mọ́tọ̀ bọ́ì ti ń ká okùn, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú. Awakọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìkà á.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí owó tó wọlé. ₦900,000 ni àdéhùn, ₦720,000 ló dé báǹkì. Wọ́n ti fi ₦180,000 di àpò 12 yẹn, ₦15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí lẹ́tà, ẹnikẹ́ni kò sì pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù. Ọlọ́kọ̀ fi ìbínú gbéra, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà: "Ẹ bá mi gbé wọn lọ sí kóòtù."

Lọ́yà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Wébíìlì tìrẹ dà? Kí lo kọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́yìn tí wọ́n gé owó? Kí ni wọ́n fi dá ọ lóhùn? Wébíìlì wà lọ́wọ́ awakọ̀, awakọ̀ sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí lẹ́tà tí ó kọ. Nítorí náà, kò sí ìdáhùn.

Ọlọ́kọ̀ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ ni, iye owó inú ìtàn rẹ̀ náà sì jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá ìjọba kẹ́rù rí yóò mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ará ilé. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi yé ni pé ọ́fíìsì tó gé owó ni ọlọ́kọ̀ ti ń jàre tàbí ti ń jẹ̀bi. Ohun tó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní kíkọ ni adájọ́ yóò kà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Láti ojú omi dé ojú títì

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kẹ́rù. Kí títì ọlọ́dà tó dé, Odò Olúwa àti ọ̀sà ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà gbé epo pupa àti èkùrọ́ lọ sí ìhà Èkó. Ìjọba amúnisìn dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, ó dá ti epo pupa àti èkùrọ́ sílẹ̀ ní 1949, Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn sì gba bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní 1954. Títí di 1986 tí wọ́n pa àwọn bọ́ọ̀dù náà rẹ́, àgbẹ̀ kì í kó ọjà rẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀dù. Aṣojú tó gba láísẹ́ǹsì ló ń rà á, òun ló ń wá ọkọ̀, bọ́ọ̀dù á sì sanwó lórí òṣùwọ̀n àti ìpele ọjà. Bí ẹrù tí wọ́n wọ̀n ní ìgbèríko bá dín nígbà tó dé etíkun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè ohun tó dín. Bébà òṣùwọ̀n nìkan ló lè sọ ibi tó ti dín.

Lónìí, pupuru àti gàrí ń ti ọjà wa lọ sí Èkó, epo ń jáde láti oko ọ̀pẹ ńlá ti Òkìtìpupa, ẹrù ìjọba náà sì wà láàárín wọn: ajílẹ̀, ìwé ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ ìrànwọ́ fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé. Gbogbo ìgbà ìdìbò ni àjọ elétò ìdìbò ń háyà ọkọ̀ láti kó òṣìṣẹ́ àti ohun èlò. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń lò fún un. Iṣẹ́ wà. Bí owó iṣẹ́ ṣe ń dé ló fa ọ̀rọ̀.

Ìdí tí kóòtù fi ń dá èèyàn padà sí ọ́fíìsì

Ní 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ oyè kan tó wá láti ìhà Ẹdó tó múlé gbè wá, ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà mọ̀ sí Eguamwense àti Amaghizemwen. Òfin oyè ti ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́ ti ṣètò bí ẹni tí inú ń bí yóò ṣe gbé ẹ̀hónú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tí òfin bá ti la ọ̀nà fún tọ ọ̀nà náà dópin kí ó tó wá síwájú adájọ́. Wọ́n fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀rọ̀ oyè, nínú ọ̀rọ̀ owó-orí àti nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba gbogbo. Láti ọjọ́ náà ni àwọn lọ́yà ìjọba ti ń fi ẹjọ́ yìí lé àwọn olùpẹ̀jọ́ padà sílé.

Ará Ìkálẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òfin yìí fún un. Bí ọmọ ilé méjì bá ń jà lórí ààlà oko, wọn kì í sáré lọ sí ààfin. Olórí ẹbí á kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìjòyè àdúgbò, kí ọba tó gbọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá fo olórí ẹbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọba máa bi í ni: "Kí ni àwọn àgbà ilé yín sọ?" Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí ọ́fíìsì kò bá tíì gbọ́ pé ọlọ́kọ̀ ń ráhùn, adájọ́ tó bá dá ẹjọ́ náà ti gbọ́ tẹnu ẹnì kan ṣoṣo.

Ibi kan wà tí ìdájọ́ agboolé àti ìdájọ́ ìjọba ti yàtọ̀. Nínú agboolé, ẹ̀rí ẹnu tó. Ní ọ́fíìsì ìjọba, kò tó: akọ̀wé tó wà lórí àga lọ́dún yìí lè wà ní Ìkàrẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀gá tó ṣèlérí lórí fóònù lè ti fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì kì í rántí ènìyàn, fáìlì ló ń rántí.

Àṣìṣe lórí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú kóòtù máa ń gba ọjọ́ ayé ènìyàn. Ẹ wo ẹjọ́ Amadi àti NNPC. Òfin tó dá NNPC ìgbà náà sílẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ fún un ní ìwé ìfitónilétí, kí ó sì fi oṣù kan sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù ní 1987. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá ìwé ìfitónilétí náà pé bó ṣe yẹ, ó lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2000. Ilé ẹjọ́ ní òfin tó ń béèrè ìwé ìfitónilétí kò ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ẹnikẹ́ni, ètò lásán ló ṣe. Nígbà náà, ọdún 13 ti kọjá, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá sí kóòtù gan-an kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Àkàbà àwọn ará Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n ti kọ àkàbà owó ọkọ̀ ìjọba sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Òfin ìrìnnà wọn ti 1940 ní kí ìjọba sanwó ọkọ̀ ní kété tí ìwé owó bá dé, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Bí ayẹ̀wò bá fi hàn pé ọlọ́kọ̀ gba owó jù, ìjọba lè fi owó iṣẹ́ mìíràn tó ń bọ̀ gé e. Láti 1975 ni iṣẹ́ ayẹ̀wò náà ti bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní GSA. Òfin kan ní 1998 tún fi kún un pé kí wọ́n máa yẹ ìwé wò kí wọ́n tó sanwó.

Ọlọ́kọ̀ tí wọ́n gé owó rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ayẹ̀wò GSA. Ọdún 3 ni òfin fún un. Bí ìpinnu wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ní oṣù 6 láti béèrè pé kí wọ́n tún un wò, ìgbìmọ̀ kan tó ń gbọ́ ẹ̀hónú agbaṣẹ́ṣe ìjọba, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2007, ló sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fo ẹ̀ka ayẹ̀wò lọ bá ìgbìmọ̀, wọn á ní kí ó padà lọ gba ìpinnu wá ná.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Ní 1957, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ láàárín ìjọba àti iléeṣẹ́ rélùwéè New York, New Haven and Hartford. Ìjọba ti san owó ẹrù kan tán, lẹ́yìn náà ló ní owó náà ti pọ̀ jù, ó sì gé e lára owó iṣẹ́ mìíràn tí kò ní àríyànjiyàn. Ta ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá? Ilé ẹjọ́ ní ọlọ́kọ̀ ni. Òun ló máa fi hàn pé owó àkọ́kọ́ tí òun gbà tọ́ sí òun, ìbáà jẹ́ pé ìjọba ti san án nígbà kan. Láti orílẹ̀-èdè olówó yẹn dé ọgbà sítọ́ọ̀ Òkìtìpupa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ọlọ́kọ̀: wébíìlì dà?

Gígé kan kò jọ òmíràn

Ní ilẹ̀ tiwa, kò sí òfin kan ṣoṣo tó kó gbogbo owó ọkọ̀ ìjọba pọ̀ sójú kan bíi ti Amẹ́ríkà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ béèrè ni irú gígé tí wọ́n gé owó òun, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Irú kìíní ni owó-orí tí wọ́n yọ kí owó tó jáde. Kò sọnù. Owó-orí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ni, wọ́n kàn tètè gbà á. Bí iṣẹ́ bá wà lórúkọ ẹnì kan, iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ ló ń lọ. Bí ó bá wà lórúkọ kọ́ńpìnnì, ti ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ di Nigeria Revenue Service láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 lábẹ́ àwọn òfin owó-orí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025. Ìwé ẹ̀rí ni kí ọlọ́kọ̀ máa gbà, kí ó lè fi dín owó-orí ọdún náà kù. Ẹni tó bá ń bá ọ̀gá sítọ́ọ̀ jà lórí irú owó yìí ń bá aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ jà. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ owó-orí ni ẹ̀hónú rẹ̀ ń lọ, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí, kí ó tó kan ilé ẹjọ́ gíga. Ọjọ́ ibẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá sì sùn lé e ti gbà pé gbèsè tọ́ sí òun.

Irú kejì ni ti ọlọ́kọ̀ inú ìtàn wa: wọ́n ní ẹrù dín, ó rin, ó pẹ́ kó tó dé, tàbí owó tó kọ jù. Ìwé àdéhùn ló ń ṣàkóso èyí. Ǹjẹ́ àdéhùn fún ọ́fíìsì láyè láti fi owó ẹrù gé owó ọkọ̀? Ta ló máa dá iye lé àpò tó rin, ṣé gbogbo inú rẹ̀ ló bàjẹ́? Ọjọ́ mélòó ni ọlọ́kọ̀ ní láti fi ráhùn? Bí àdéhùn bá sọ pé aláàárín ni yóò parí ìjà, kóòtù máa dá ẹjọ́ dúró kí wọ́n lọ bá aláàárín náà ná. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí rẹ̀ ní 2023 tẹnu mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò ka àdéhùn rí. Ẹni tó fún wọn níṣẹ́ ló ń kà á.

Irú kẹta, tí kì í ṣe gígé gan-an, ni ti ẹni tó du iṣẹ́ tí kò rí i gbà, nítorí pé wọ́n fi èrú pín in. Òfin ìnáwó àgbàṣe ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2007, la ọ̀nà fún un ní abala 54. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí ó bá ti mọ̀ nípa èrú náà, kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá tó wà lórí ìnáwó iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn ní kíkọ. Bí kò bá dáhùn, tàbí ìdáhùn rẹ̀ kò dára, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni ẹni náà ní láti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àgbàṣe ní Àbújá. Àwọn yẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ 21. Lẹ́yìn wọn ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni ó ní láti dé ibẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin yìí kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀gá di ògiri. Bí ọ̀gá bá dákẹ́, ọjọ́ tirẹ̀ parí, ẹni tí ń ráhùn sì lè gun ìpele tó kàn.

Owó tí ẹnì kan gbà lẹ́nu géètì láìfún ọlọ́kọ̀ ní rìsíìtì kò sí nínú irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, nìyẹn.

Lẹ́tà kan, òǹtẹ̀ kan

Kí ló yẹ kí ó wà nínú lẹ́tà ọlọ́kọ̀? Kò gbọdọ̀ gùn. Èébú kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nítorí adájọ́ lè ka èébú náà sókè lọ́jọ́ kan. Báyìí ló lè rí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a kí yín. Ní ọjọ́ tí a kọ sókè yìí, ọkọ̀ wa kó àpò ajílẹ̀ 600 dé sítọ́ọ̀ yín ní Òkìtìpupa. Ẹ̀dà wébíìlì àti ẹ̀dà ìwé àdéhùn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. ₦900,000 ni àdéhùn, ₦720,000 lẹ san. Ẹ kò tíì sọ fún wa ní kíkọ ìdí tí ẹ fi gé ₦180,000. Bí ó bá jẹ́ nítorí àpò 12 tó rin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìwé tí ẹ fi díyelé e ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì tọ́ka sí abala àdéhùn tó fún yín láṣẹ láti gé e. A ń béèrè ₦180,000 náà. A ń retí ìdáhùn yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

Ẹ̀dà méjì ni kí ó tẹ̀. Kí ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, kì í ṣe sí tábìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Akọ̀wé ibẹ̀ á fa dúróà, á mú òǹtẹ̀ jáde, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì yíǹkì, á sì lù ú sórí ẹ̀dà àkọ́kọ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á yí padà. Kí ọlọ́kọ̀ dúró. Kí ó na ẹ̀dà kejì sí akọ̀wé, kí òǹtẹ̀ náà bà á, kí ọjọ́ òní hàn nínú rẹ̀, kí akọ̀wé fi orúkọ àti ọwọ́ rẹ̀ sí i. Bébà yìí, pẹ̀lú yíǹkì tí kò tíì gbẹ, ni yóò sọ fún adájọ́ pé ọ́fíìsì gbọ́, pé ọjọ́ báyìí ló gbọ́, pé ó sì dákẹ́ tàbí pé ó fèsì.

Bí ọ́fíìsì bá ní ìwé tí kò fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ rí, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 wà. Ọjọ́ 7 ni ó fún ọ́fíìsì láti fèsì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ parí àríyànjiyàn náà nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó: òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́kọ̀ tó ń bá ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ jà lè béèrè ìwé ayẹ̀wò tí wọ́n fi gé owó rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú náà wà, èyí tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1975. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun pàápàá ní àkàbà tirẹ̀: kì í gba ẹ̀sùn tó ti wà ní kóòtù, kì í gba èyí tó ti ju oṣù 12 lọ, ó sì lè kọ ẹ̀sùn ẹni tí kò tíì gbìyànjú ọ̀nà ọ́fíìsì tán. Òǹtẹ̀ orí ẹ̀dà kejì ni yóò ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ náà.

Ibi tí ọ̀nà ọ́fíìsì pin sí

Ẹlòmíràn lè sọ pé gbogbo èyí jẹ́ ọgbọ́n tí ìjọba fi ń dá aráàlú dúró. Ọ̀bọ ló gé owó, ọ̀bọ náà ni wọ́n tún ní kí ọlọ́kọ̀ lọ fi ẹjọ́ sùn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì tó mọ̀ pé lẹ́tà kò ní ọjọ́ ìdáhùn lè jẹ́ kí ó jókòó sínú fáìlì títí tí ẹnu á fi rẹ olówó. Nítorí èyí ni àwọn adájọ́ fi fi ààlà sí àwíjàre ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́.

Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ní oṣù 3 péré ni ènìyàn ní láti pè é lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ìjọba ti gbìyànjú láti fi òfin yìí jẹ owó agbaṣẹ́ṣe. Ní 1953, nínú ẹjọ́ Salako àti ìgbìmọ̀ tó ń tún Èkó ṣe, adájọ́ ní òfin náà kò kan àdéhùn tàbí owó iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe. Ní 1974, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ohun tó jọ ọ́ nípa òfin iléeṣẹ́ èbúté, èyí tó ní kí wọ́n fún un ní ìwé ìfitónilétí oṣù kan, kí wọ́n sì pẹjọ́ láàárín oṣù 12. Kọ́ńpìnnì ìkọ́lé kan láti Ítálì ló wà nínú ẹjọ́ yẹn, ilé ẹjọ́ sì ní òfin náà kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ní 2007, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ dìde sí kọ́ńpìnnì Dalami, ibi kan náà ni ìdájọ́ já sí.

Gbèsè àdéhùn ní ọdún 6 lábẹ́ òfin tí Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1959. Kí ọlọ́kọ̀ má fi ọdún 6 yìí sùn, nítorí àwọn òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ń béèrè ìwé ìfitónilétí oṣù kan, lọ́yà ìjọba á sì gbé e dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́tà kan ni ìnáwó láti fún wọn ní ìwé náà. Àìfún wọn lè gba ọdún.

Ẹni tó bá jàre pàápàá lè má tètè rí owó mú. Òfin tó ń ṣàkóso bí wọ́n ṣe ń fi ìdájọ́ gba owó ní kí wọ́n gba àṣẹ agbẹjọ́rò àgbà kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó ìjọba ní báǹkì. Ní ìparí 2017, nínú ẹjọ́ báǹkì àpapọ̀ àti kọ́ńpìnnì Interstella, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò pọn dandan níbi tí agbẹjọ́rò àgbà fúnra rẹ̀ bá wà lára àwọn tó jẹ gbèsè. Ọ̀nà jíjìn ni láti ìdájọ́ dé àpò. Nítorí náà ni owó tí ọ́fíìsì bá dá padà lẹ́yìn lẹ́tà kejì fi níye lórí ju ìdájọ́ tó dé lẹ́yìn ọdún 10 lọ, bí iye méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba lórí bébà.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àti ìjọba

Ọlọ́kọ̀ kan kò lè mọ gbogbo àkàbà yìí lórí. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó wà ní Òkìtìpupa, Ìrèlè àti Òrè ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Nínú owó náà, wọ́n lè gba akọ̀wé kan tó mọ̀wé dáadáa, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ pípa ẹ̀dà wébíìlì ẹrù ìjọba mọ́, kíkọ lẹ́tà, àti kíka ọjọ́. Ẹni tó ń ka ọjọ́ ṣe pàtàkì jù lọ nínú wọn, torí pé ọjọ́ iṣẹ́ 15 kì í dúró de ẹni tó lọ sí òkú ní Igbókòdá.

Ojúṣe ìjọba náà wà níbẹ̀. Kò sí ìdí tí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi lè kọ ìlà mẹ́ta kún ìwé owó tó bá gé: iye tí a gé, ìdí rẹ̀, àti orúkọ ipò ẹni tí ọlọ́kọ̀ lè kọ̀wé sí àti iye ọjọ́ tí ìdáhùn yóò gbà. Ọ́fíìsì tó bá ń béèrè pé kí aráàlú gun àkàbà gbọ́dọ̀ fi àkàbà náà lélẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọgbà sítọ́ọ̀ náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́kọ̀ ti kọ lẹ́tà méjì, wọ́n sì ti dá owó àpò mẹ́jọ padà fún un. Ó ṣì ń lépa ti mẹ́rin tó kù. Ó tún gba iṣẹ́ kan náà. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ṣàgámù, awakọ̀ tuntun yí àpò wò, ó rí márùn-ún tí ìsàlẹ̀ wọn ti tutù, ó kọ ọ́ sórí wébíìlì, ó sì ní kí àwọn tó ń di ẹrù tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó dé Òkìtìpupa, akọ̀wé tún na bírò pupa sí i. Mọ́tọ̀ bọ́ì ti ń ká okùn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Awakọ̀ ní kí ó dákun dúró díẹ̀. Ó sún mọ́ iná ọkọ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀.